Oyíndà Rìn Lórí Afẹ́fẹ́ ní Adigbe

Ọjọ́ tí àwọn eléré sákọ́ọ̀sì dé sí pápá Adigbe, èmi Tàófíìkì ni mo kọ́kọ́ rí wọn, torí ojú mi mú débi pé mo lè rí eèrà tó ń họ imú ní Kọ́bapẹ́. Ọkùnrin kan ń jẹ iná bí ẹni ń jẹ ẹ̀bà. Òmíràn ká ara rẹ̀ bí ẹní. Ṣùgbọ́n Oyíndà, ọmọbìnrin tó ń rìn lórí okùn, òun ló kó mi níyè lọ.

Ìṣòro wọn ni pé ewúrẹ́ ló ń wá wòran ju èèyàn lọ. Bọ́lárìnwá, ọ̀gá wọn, ní bí Sátidé bá tún rí bẹ́ẹ̀, àwọn á túká pátápátá, kálukú á gba ilé rẹ̀ lọ.

"Ẹ jẹ́ n yà yín sára aṣọ, ẹ gbé e kọ́ sójú títì," mo wí.

"Ìwọ tí o ya pẹ́pẹ́yẹ tó dà bí ìkòkò sára ògiri pápá yìí?" Bọ́lárìnwá bi mí.

"Pẹ́pẹ́yẹ yẹn lóyún ni, sà."

Ọ̀dọ̀ Aǹtí Àfúsá, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ni mo ti ń ya àdìrẹ. Ìyẹ́ adìyẹ la fi ń yà á, ẹ̀kọ láfún la fi ń ṣe tàdáwà. Ibi tí ẹ̀kọ bá bò, aró kì í wọ̀ ọ́, funfun ló ń dúró. Mo ya ajẹná, iná ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jó dé Alábàtà. Mo ya Oyíndà. Nígbà tó ku okùn, ẹ̀kọ ti fẹ́ tán, mo bá bomi lù ú.

A rẹ aṣọ náà, ó gbẹ, a ha ẹ̀kọ kúrò. Gbogbo wọn yọ funfun báláú, àfi okùn. Ẹ̀kọ olómi ò lè dí aró, aró ti gbé e mì. Oyíndà dúró lórí òfìfo.

"O ti pa ọmọ ọlọ́mọ," Aǹtí Àfúsá wí.

"Ẹ wò ó dáadáa, mà. Kò tíì ṣubú."

Kò sí àyè àtúnṣe, a gbé e kọ́ bẹ́ẹ̀. Kí Sátidé tó pé, ìròyìn ti kan gbogbo Ẹ̀gbá pé ọmọbìnrin kan ń rìn lórí afẹ́fẹ́. Láàárọ̀ Sátidé, èrò kún pápá débi pé ẹ̀fọn ò ríbi bà sí.

Bọ́lárìnwá fà mí létí. "Bí wọ́n bá rí okùn, wọ́n á wó pápá lé wa lórí. Ṣé ìwọ lo máa bá mi so afẹ́fẹ́ mọ́ òpó?"

Oyíndà ò bínú. Ó gbé okùn funfun rẹ̀ wá bá Aǹtí Àfúsá. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé aró yín lè mu èyí?"

"Kò sóhun tí aró mi ò lè mu. Orí Tàófíìkì nìkan ló kọ̀ ọ́."

A rì í bọ ìkòkò aró, a sá a sóòrùn, a tún rì í, títí ó fi dúdú bí aṣọ náà gan-an. Nígbà tó gbẹ tán, wọ́n ta á, a sì ká àdìrẹ mi kúrò lójú títì, a nà án sẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, aró bá aró dọ́gba, okùn pòórá.

Oyíndà bọ́ sórí rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun. Ẹni tó fẹ́ sín gbé e mì. Ó rìn dé àárín, ó jókòó sórí òfìfo, ó wá gbẹ́sẹ̀ lẹ́sẹ̀ bí ìyàwó Bíṣọ́ọ̀bù. Ariwo tó sọ, wọ́n ń ṣí agbòjò ní Ṣàgámù, wọ́n rò pé àrá ni.

Oyíndà nawọ́ sí mi láti òkè. "Ẹni tó yà mí nìyẹn."

Kí n tó dọ̀bálẹ̀, wọ́n ti gbé mi sókè. Bọ́lárìnwá ń pariwo nísàlẹ̀ pé àwọn ò túká mọ́, pé kí n lọ ya aṣọ míì fún Ìjẹ̀bú. Aǹtí Àfúsá tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Dúró ná. Èmi ni Tàófíìkì yóò kọ́kọ́ yà, kó sì yà mí ní tẹ́ẹ́rẹ́."