Àpótí Òfìfo fún Ẹ̀rọ Òṣùpá

Èmi Akínwọlé, jórinjórin ní Òrè, mo wà lára àwọn tó ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n fẹ́ fi gbẹ́ ilẹ̀ lórí òṣùpá. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó tètè rín in tán.

Fẹ́yìsayọ̀ ọmọ mi ló ya àwòrán rẹ̀ ní yunifásítì. Ó gbé ẹ̀rọ náà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, torí ọjọ́ Sátidé ni àwọn olùyẹ̀wò ń bọ̀ wá wò ó, èyí tó bá sì yege nìkan ni wọ́n máa gbé lọ sí òkè òkun. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ohun gbogbo ló fúyẹ́ lórí òṣùpá. Ọmọ mi fi okùn fa ẹ̀rọ náà sókè díẹ̀ láti ara igi òrùlé, kó lè fúyẹ́ bíi ti ọ̀hún. Bí ṣọ́bìrì rẹ̀ bá ti kan ilẹ̀ báyìí, ńṣe ni ìdí rẹ̀ ń gbé sókè.

Mo ní irin ló kù ú kù. Mo jó irin katapílà méjì mọ́ ọn nídìí, ó sì gbẹ́lẹ̀ dáadáa. Fẹ́yìsayọ̀ gbé e sórí ìwọ̀n.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ó ti wúwo ju ohun tí wọ́n gbà wá láyè lọ."

Mo bínú o. Iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe láti ọgbọ̀n ọdún! Ṣùgbọ́n ọmọ náà ti ń nu omijé, Sátidé sì di ọ̀la. Mo gé irin mi kúrò fúnra mi.

Ìgbà yẹn ni mo rántí àwọn tó ń fi tirakítọ̀ fa gẹdú nínú igbó Àgọ́ Aláyè. Bí iwájú tirakítọ̀ bá ń gbé sókè, wọn kì í wá irin wá sí Òrè. Yẹ̀ẹ̀pẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n ń bù sínú àpò, wọ́n á so ó mọ́ iwájú.

"Ṣé yẹ̀ẹ̀pẹ̀ wà lórí òṣùpá?"

"Ó pọ̀ níbẹ̀, sà."

"Kí lo wá ń ru ẹrù láti ilé fún?"

Mo fi páànù fẹ́lẹ́ kan àpótí, mo dè é mọ́ ìdí ẹ̀rọ. Nígbà tí Sátidé pé, ẹ̀rọ kọ́kọ́ ń họ ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí adìyẹ, ó ń da yẹ̀ẹ̀pẹ̀ sínú àpótí. Nígbà tí àpótí kún, ó jókòó ti ilẹ̀, ó gbẹ́ ẹ títí ó fi jìn dé orúnkún.

Àgbà inú àwọn olùyẹ̀wò ní ẹ̀rọ náà yege. Ó wá bi ọmọ mi pé níbo ni ẹni tó ronú àpótí yìí ti kàwé.

Fẹ́yìsayọ̀ kúnlẹ̀ níwájú mi. "Bàbá mi nìyí, sà. Ẹ bi wọ́n."

Orí mi wú. Mo ní, "Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ní Omifunfun."

Ọkùnrin náà fún mi ní bírò, ó ní kí n kọ orúkọ mi sórí àwòrán náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọmọ mi.