Ogun Orí Tábìlì Farid

Ẹ̀kọ́ kìíní nínú ìwé tí ọkọ mi kọ ni pé kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ má ra ọmọ ogun púpọ̀. "Mẹ́wàá ti tó," báyìí ló kọ ọ́, ó sì fa ìlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì. "Mẹ́wàá tí a kùn tán sàn ju ọgọ́rùn-ún tó wà nínú páálí lọ." Farid tó kọ ọ́ kú, ó fi irinwó dín mẹ́ta sílẹ̀ nínú páálí láìkùn. Bí àwọn ọkùnrin wa ṣe máa ń gba ènìyàn nímọ̀ràn nìyẹn.

Rahamatou ni mí, aránṣọ ni mí ní Tchaourou níbí, ilé wa ò jìnnà sí ojú irin. Farid ń kọ́ àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní ẹ̀kọ́ ìtàn. Ó wù ú kó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ fún wọn, tí wọ́n á máa fi ọmọ ogun oníke tí kò ju ọmọ ìka lọ ja ogun lórí tábìlì. Ó fi fọ́ọ̀mù ṣe òkè, ó fi lẹ́búlẹ́bú igi kajú ṣe ilẹ̀, ó wa kànga kékeré kan sí àárín, ó sì kọ ìmọ̀ràn tí wọn yóò máa tẹ̀lé sínú ìwé. Ibà mú un lọ́jọ́ Àìkú. Ọjọ́rú la sin ín. Ó fi yàrá kan tó kún fún ogun sílẹ̀ fún mi, àti Samira, ọmọ wa, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà.

Bí mo ṣe wọ opó nìyẹn. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá, mi ò gbọdọ̀ kọjá àgbàlá, mi ò gbọdọ̀ wọ aṣọ aláràbarà, mi ò gbọdọ̀ fi lọ́fínńdà. Ìyá ọkọ mi, Ìyá Hawaou, wá láti Goro, ó ní òun wá tù mí nínú. Ó tẹ́ ẹní rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà gan-an. Ẹni tó wá tu ènìyàn nínú, kí ló ń ṣe lẹ́nu ọ̀nà?

Moctar, àbúrò Farid, máa ń wá kí ìyá rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Ẹ̀sìn wa ò gbà kí ẹnikẹ́ni bá obìnrin tó wà nínú opó sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Moctar ò sì sọ nǹkan kan. Alùpùpù rẹ̀ ló ń bá mi sọ̀rọ̀. Jímọ̀ àkọ́kọ́, abẹ́ máńgòrò ló gbé e sí. Mo fi téèpù ìránṣọ mi wọn ojú táyà rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà mi: mítà mọ́kànlá. Nígbà tó di oṣù kejì, ó ti di mẹ́jọ. Lẹ́yìn náà, ó di márùn-ún. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ó bá mi tún páànù òrùlé tó ń jò ṣe, ó ra bàtà fún Samira, ó wá fi fìlà rẹ̀ kọ́ orí ìṣó tí Farid máa ń fi tirẹ̀ kọ́, ó sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Gbígbàgbé wo?

Gbogbo ilé ló mọ ohun tó ń bọ̀. Lọ́jọ́ tí mo bá jáde opó, wọn yóò mú mi fún Moctar kí ilé má baà tú. Bí mo bá kọ̀, kò sẹ́ni tí yóò dè mí mọ́lẹ̀. Ọ̀nà nìyẹn, kí n máa lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ ilé ni Samira, ọmọ ilé kì í sì í bá ìyá rẹ̀ jáde. Moctar kì í ṣe ènìyàn burúkú. Mi ò fẹ́ ẹ ni. Mo ro ọ̀rọ̀ yìí síwá, mo rò ó sẹ́yìn, mi ò rí ibi tí mo lè gbà.

Nítorí kí orí mi má baà dàrú ni mo ṣe ṣí páálí. Ẹ̀kọ́ kejì: fi omi la ọ̀dà rẹ. Ọ̀dà tó bá ki yóò di ojú aṣọ ọmọ ogun pa, nítorí náà kùn ún fẹ́lẹ́, jẹ́ kó gbẹ, kó o tún un kùn. Mo ka mẹ́wàá sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe wí. Èmi tí wọ́n ní n kò gbọdọ̀ wọ pupa, mo kun ẹ̀wù àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ní pupa fòò. Inú mi dùn sí i, mi ò ní purọ́.

Ìyá Hawaou wọlé bá mi níbẹ̀.

"Ère nìyẹn," ló wí. "Máléékà ò ní wọ ilé yìí mọ́."

"Ìyá, ọmọ yín ló rà wọ́n."

Ó mú ọ̀kan, ó gbé e súnmọ́ ojú. "Ojú rẹ̀ dà?"

"Mi ò tíì kùn ún."

"Bọ̀n, ó dáa, má kùn ún. Tí kò bá ti lójú, kì í ṣe ère."

Bí ọmọ ogun wa ṣe di aláìlójú nìyẹn, títí dòní. Lọ́jọ́ kejì ó tún padà wá, ó ní kí n sọ ohun tí wọ́n ń ṣe lórí tábìlì fún òun. Mo sọ fún un pé àwọn pupa ń bá àwọn aláwọ̀ eérú tí mi ò tíì kùn jà nítorí kànga, pé téèpù la fi ń wọn ìrìn wọn, pé dáìsì la ó jù kí a tó mọ ẹni tó kú.

"Dáìsì? Tẹ́tẹ́ nìyẹn! Hàráàmù!"

Ó jáde. Mo rò pé ó tán. Ó padà wọlé pẹ̀lú hóró kajú mẹ́fà nínú igbá, ó ní kí n fi ọ̀dà funfun kun ìhà kan wọn. A ó dà wọ́n sílẹ̀, a ó ka èyí tó bá dojú funfun sókè. "Oúnjẹ ni kajú," ló wí. "Ta ló ń fi oúnjẹ ta tẹ́tẹ́?" Mi ò bá a jiyàn. Láti ọjọ́ náà, bí a bá ti kí ìrun ọ̀sán tán, orí tábìlì Farid la wà.

Ohun tí ìwé sọ pé àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ máa ń ṣe, kò sí èyí tí ìyá ọkọ mi kò ṣe. Ẹ̀kọ́ kẹta ní kí o mọ ohun tí ò ń jà fún kí o tó gbé ẹsẹ̀: kì í ṣe pípa ni eré, kànga ni kí o gbà. Ìyá kó gbogbo tirẹ̀ sẹ́yìn òkè, ó ní wọn ò lọ síbì kankan. Ó ti sọ wọ́n lórúkọ, gbogbo àwọn àbúrò àti ọmọ rẹ̀.

"Tairou ò gbọdọ̀ kú o, ìyàwó rẹ̀ lóyún."

"Ìyá, ike ni."

"Ike ni lójú tìẹ."

Èyí tó gbé idà sókè, tó rẹwà jù nínú wọn, òun ló pè ní Moctar. Mo gbọ́ orúkọ náà, mo da hóró kajú sílẹ̀.

Nígbà tó di oṣù kẹta, ó ti ń nà mí nínú eré náà. Àgbà obìnrin tí kò mọ ìwé kà! Kì í sáré. Yóò kàn máa sún díẹ̀díẹ̀, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, títí n ó fi rí i pé ọmọ ogun mi mẹ́ta ló kù lẹ́bàá kànga, tí àwọn tirẹ̀ sì ti yí wọn ká. Lọ́jọ́ kan tó tún ká mi mọ́ bẹ́ẹ̀, ìbínú ni mo fi ṣí ìwé, mo ka ẹ̀kọ́ keje sí i létí: "Bí o bá ká ẹni tuntun mọ́, fi ọ̀nà kan sílẹ̀ fún un. Ẹni tí o bá pa tán pátápátá kò ní padà wá bá ọ ṣeré."

"Kí n wá ṣe báwo?"

"Kí ẹ yọ ọ̀kan nínú tiyín kúrò. Moctar ló dí ẹnu ọ̀nà."

"Moctar ò ní kúrò," ló wí. Ó fi ìka lé e lórí bí ẹni ń di ọmọ mú. "Fún kí ni? Nígbà tí wọ́n ká èmi mọ́, ta ló fi ọ̀nà sílẹ̀ fún mi?"

Báyìí ló ṣe sọ fún mi. Nígbà tí bàbá Farid kú, ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni Ìyá. Lọ́jọ́ tó jáde opó, wọ́n gbé e fún àbúrò olóògbé. Ibẹ̀ ló ti bí Moctar.

"Kò lù mí rí," ló wí. "Ó ṣe dáadáa sí mi títí ó fi kú. Ṣùgbọ́n ọdún mọ́kàndínlógún gbáko, tí mo bá jí láàárọ̀, màá kọ́kọ́ bi ara mi pé ilé ta ni mo wà. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Èmi dákẹ́." Ó da hóró kajú padà sínú igbá, kò wò mí lójú. "Ìwọ ńkọ́? Ṣé o fẹ́ ẹ?"

Nínú gbogbo ìdílé yẹn, òun lẹni àkọ́kọ́ tó bi mí.

"Rárá, Ìyá."

Kò yọ Moctar kúrò. Ó ní òun ń lọ ṣe àlùwàlá, a fi ogun náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Inú bí mi sí i débi pé mi ò bá a jẹun ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Kí ló fi ń bi mí nígbà náà?

Ọjọ́ tí opó mi parí, Moctar gbé alùpùpù rẹ̀ gun ọ̀dẹ̀dẹ̀, táyà rẹ̀ kan ìdí ilẹ̀kùn. Mi ò wulẹ̀ mú téèpù. Tonton Oumarou, olórí ẹbí, jókòó sórí àga Farid. Moctar gbé aṣọ tuntun kan dání, aláwọ̀ pupa, tí wọ́n ká sínú ọ̀rá. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n kí mi kú ìfaradà.

"Hawaou," ni Tonton wí, "ìwọ lo wà lọ́dọ̀ rẹ̀ láti ìgbà yìí. Ọ̀rọ̀ dọwọ́ rẹ. Ṣé kí Moctar máa mú ìyàwó rẹ̀ lọ?"

Ọmọ rẹ̀ ni Ìyá kọjú sí. "Moctar, alùpùpù rẹ dà?"

"Ó wà lẹ́nu ọ̀nà níbí, Ìyá."

"Gbé e kúrò."

Moctar rẹ́rìn-ín. "Ṣé ẹ fẹ́ kọjá ni?"

"Kì í ṣe èmi ló fẹ́ kọjá."

Ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀. Ìyá ní, "Kò fẹ́ ọ. Mo bi í, ó ní òun ò fẹ́. Nígbà tèmi, wọn ò bi mí."

"Ọmọ ńkọ́?" ni Tonton wí. "Samira kò ní jáde nílé yìí o."

"Dákọ̀, mo gbà. Kò ní jáde. Ọ̀dọ̀ mi ni yóò wà, èmi náà ò sì lọ sí Goro mọ́. Ibí ni mò ń gbé, èmi, òun, àti ìyá rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gba ọmọ náà, kó wá gbà á lọ́wọ́ mi."

"Hawaou! Ọmọ tí o bí lò ń dójú tì yìí."

"Mo mọ̀," ló wí. "Ṣé ẹ rò pé mi ò mọ̀ ni?"

Moctar wo ìyá rẹ̀ títí. Ó dìde, ó yọ fìlà rẹ̀ lórí ìṣó, ó gbé aṣọ pupa náà. Kò ṣáná sí alùpùpù náà níbẹ̀. Ó fi ọwọ́ tì í sẹ́yìn títí dé abẹ́ máńgòrò kó tó ṣáná sí i. Kò kí ìyá rẹ̀ kó tó lọ.

Nígbà tí gbogbo wọn ti lọ, mo kúnlẹ̀, ẹkún ò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Ìyá ní kí n dìde, kí n lọ wọ aṣọ tó dáa. Mo wọ ọ́, mo rìn dé ojú irin, mo padà. Kò sí nǹkan tí mo lọ ṣe níbẹ̀. Mo kàn fẹ́ lọ ni.

Nígbà tí mo wọ yàrá Farid, ogun tí a fi sílẹ̀ ṣì wà lórí tábìlì. Àwọn ọmọ ogun mi mẹ́ta wà lẹ́bàá kànga, àwọn ti Ìyá yí wọn ká, ṣùgbọ́n àlàfo kan wà lápá ẹnu ọ̀nà. Mo wá Moctar oníke náà títí. Ojú fèrèsé ni mo ti rí i, òun àti idà rẹ̀, ó kọjú sí ọ̀nà.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, Ìyá gbé ẹní rẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti àárọ̀. A gbọ́ ìró alùpùpù lẹ́ẹ̀mejì. Ó dìde lẹ́ẹ̀mejèèjì, ṣùgbọ́n kì í ṣe Moctar.