Páànù Tuntun ní Tẹ̀dé

Ní oṣù Òkúdù ọdún 1981, nígbà tí mo sọ̀ sílẹ̀ ní Tẹ̀dé, mo ní ìlú wo rèé. Awakọ̀ já mi sílẹ̀ lẹ́bàá mọ́ṣáláṣí, ó ní òun yóò gbé mi bí òun bá ń ti Ṣakí bọ̀ lọ́sàn-án, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ewúrẹ́ mẹ́ta péré ló wà lójú títì. Wọ́n fi igi dábùú ẹnu ọ̀nà ilé, oníkálukú ti lọ sóko, nítorí ìgbà òjò ni.

Ọ̀rọ̀ Àsíátù, ọmọ mi kejì, ló gbé mi débẹ̀. Ó ní Mùílì, tíṣà kan níbí ní Ìsẹ́yìn, ọmọ Àsánì ará Tẹ̀dé, lòun máa fẹ́. Mo ní kí n kọ́kọ́ mọ irú ẹni tó jẹ́ lọ́wọ́ àwọn ará ilé rẹ̀ kí n tó dáhùn.

Mo mọ̀ọ́mọ̀ lọ nígbà òjò tí kò sí àsè ni. Ọjọ́ Iléyá ni mo lọ ṣe ìwádìí ọkọ Àwáwù, àkọ́bí mi, l'Ékòó. Gbogbo àdúgbò ló ń jẹ ẹran àgbò ọkùnrin náà, gbogbo wọn ló sì ń yìn ín. Ẹnu tó bá ti jẹ dòdò kò lè sọ òdodo. Èmi náà jẹ nínú ẹran ọ̀hún. Lẹ́yìn ọdún méjì, Àwáwù padà wálé, ó fi ìborùn gbé apá rẹ̀ tó kán kọ́rùn. Títí dòní, ọwọ́ náà kò lè ká òwú. Èmi ni mo fi í fún ọkùnrin yẹn, mi ò sì tíì dárí ji ara mi.

Mo rìn títí kí n tó rí ìyá àgbà kan tó ń bó ẹ̀gúsí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀. Ó fún mi lómi mu, ó bi mí pé kí ni mo wá ṣe. A kì í sọ fáyé pé ìwádìí la wá ṣe, nítorí náà èmi tí mo mọ òfì tí mi ò mọ oko sọ ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu: mo ní iṣu ni mo wá rà.

Ó wò mí títí. “Iṣu tí ewé rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gun ọ̀pá? Ọmọ ta ni ẹ wá wádìí rẹ̀?”

Ojú tì mí. Mo dárúkọ Mùílì. Ó gbé ẹ̀gúsí sílẹ̀, ó ní Ìyá Ràmọ́nì lòun ń jẹ́, àti pé ọdún kẹfà rèé tí òun àti Àsánì kò ti kí ara wọn, nítorí ààlà oko. Nínú gbogbo Tẹ̀dé, ọ̀tá wọn nìkan ni mo bá nílé. Mo tún rò ó wò pé kò kúkú jẹ ẹran wọn.

“Bí àléébù Àsánì lẹ fẹ́ gbọ́, ilẹ̀ á ṣú bá wa níbí. Ṣùgbọ́n ọmọ yẹn? Láti ọjọ́ tí èmi àti bàbá rẹ̀ ti jà, òun ló ń pọnmi sí àmù mi kó tó lọ sílé ìwé. Bàbá rẹ̀ nà án nítorí rẹ̀ títí ó fi sú bàbá náà. Nígbà tó wá di tíṣà, ẹ gbójú sókè ẹ wo ohun tó fi owó oṣù rẹ̀ rà fún mi.”

Mo wòkè. Páànù òrùlé náà ti dípẹtà tán, àfi ẹyọ kan tó ń dán lókè orí wa.

Òjò dé, ó rọ̀ bí ẹni ń bínú. Abẹ́ páànù yẹn la jókòó sí títí mo fi gbọ́ fèrè ọkọ̀ lẹ́bàá mọ́ṣáláṣí, ẹ̀kán omi kan kò bọ́ sí wa lára. Ọkàn mi balẹ̀. Mi ò rántí ìgbà tí ara tù mí tó bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn.

Àwáwù ló pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí mo délé. Ó bi mí bóyá ìlú náà dára. Mo ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀, àmọ́ ọ̀tá wọn ni mo bá, òun ló sì yin ọmọ náà fún mi.

Àwáwù mí kanlẹ̀.

“Bàbá, ẹ jẹ́ kí èmi fúnra mi lọ sọ fún Àsíátù.”