Gìgísẹ̀ Ọ̀tún Àlájà Sàdíátù

Nígbà tí Kareemat sọ fún ìyá rẹ̀ pé iṣẹ́ ẹsẹ̀ títẹ̀ lòun fẹ́ lọ kọ́ ní Ìkẹ́nnẹ́, ẹ̀rín ni Àlájà Sàdíátù fi dá a lóhùn. Ó rẹ́rìn-ín títí obì tó ń bó fi já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ṣé ẹsẹ̀ náà tún ti ní ilé ẹ̀kọ́ ni, ṣé ẹni tó rẹ̀ kò kúkú mọ ibi tí yóò na ẹsẹ̀ sí? Ṣùgbọ́n nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó nu ọwọ́ sára ìró rẹ̀, ó sì ṣe àdúà fún un. Bí ìyá náà ṣe rí nìyẹn. Ẹnu rẹ̀ mú, inú rẹ̀ dáa, gbogbo àwọn tó ń ta obì ní Ṣàgámù ló sì mọ̀ pé kò sí ohun tí Kareemat fẹ́ tí Àlájà kì í gbà fún un tó bá yá.

Yàrá méjì ni ilé ẹ̀kọ́ náà, lẹ́yìn ilé ìyá àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, tó ń jẹ́ Mọ́fẹ́yìsára. Òun ni olùkọ́ wọn. Àwòrán àtẹ́lẹsẹ̀ ńlá kan wà lára ògiri, wọ́n fi oríṣiríṣi ọ̀dà kùn ún: ibi tó jẹ́ ti orí, ti ẹ̀dọ̀fóró, ti ikùn, ti kíndìnrín. Òyìnbó ń pe ìmọ̀ náà ní rifulẹ́sọ́lọ́jì, àwọn ará àdúgbò ń pè é ní iṣẹ́ ẹsẹ̀, olùkọ́ kò sì bínú sí èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ẹni tó ń bí i nínú ni akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń pe ara rẹ̀ ní dókítà. Olùkọ́ á ní, "A kì í wo àìsàn níbí. Ara là ń tù. Ibi tó bá dun ẹni tẹ́ ẹ̀ ń tẹ̀, ẹ rọra níbẹ̀, kẹ́ ẹ sì rántí rẹ̀." Kò tún sí ọjọ́ tí kì í ka àwọn ìbéèrè kan sí wọn létí: ṣé ẹ ní ìtọ̀ ṣúgà, ṣé ẹ máa ń dìde tọ̀ lóru ṣáá, ṣé òùngbẹ máa ń gbẹ yín jù, ṣé ẹsẹ̀ yín máa ń kú. Ó ní ẹni tí kò bá tíì béèrè, kó ká ọwọ́ rẹ̀ mọ́ra.

Ọwọ́ Kareemat ya gbogbo wọn lẹ́nu. Láti kékeré ló ti ń bá ìyá rẹ̀ ṣa obì, tó ń fi àtàǹpàkò wá ihò tí kòkòrò dá sí i, ihò tí ojú kò lè rí. Àtàǹpàkò yẹn mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ nǹkan láìfọ́ ọ.

"Ta ló kọ́ ọ?" ni olùkọ́ bi í.

"Ìyá mi ni, Mà," ló dáhùn, inú rẹ̀ dùn dẹ́yìn.

Ìlànà ibẹ̀ ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan mú ẹnì kan tí yóò máa tẹ̀ lẹ́sẹ̀ títí ẹ̀kọ́ yóò fi parí. Ẹni náà ni yóò jókòó fún un lọ́jọ́ ìdánwò kó tó gba ìwé ẹ̀rí. Ìyá rẹ̀ ni Kareemat mú. Ta ni ì bá tún mú?

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, lẹ́yìn ìrun Alásárì, ó gbé àga síta fún Àlájà, ó fi omi lọ́wọ́ọ́rọ́ wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó nù ún gbẹ, ó da àdí àgbọn sọ́wọ́. Ó wá ku àwọn ìbéèrè. Báwo lèèyàn ṣe ń jókòó síwájú ìyá tó bí i, kó ní, Màmá, ṣé ẹ ní ìtọ̀ ṣúgà? Nílé wọn, bí èèyàn bá dárúkọ àìsàn lásán, wọ́n á ti ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ó dà bí ẹni ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé àìsàn wá bá ìyá rẹ̀ nílé.

"Màmá, ara yín le, àbí?" ló bi í.

"Alihamudulilahi," ni ìyá rẹ̀ dáhùn.

Gbogbo ohun tó béèrè kò ju ìyẹn lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ọmọ ìka, ó sọ̀kalẹ̀ dé àárín àtẹ́lẹsẹ̀, ó dé gìgísẹ̀. Ibikíbi tó bá tẹ̀ ni yóò béèrè pé, "Ṣé ibí yìí ń dùn yín?"

"Rárá."

"Ibí ńkọ́?"

"Rárá o. Ṣé o ti ń tẹ̀ ẹ́ ṣá?"

Kareemat bú sẹ́rìn-ín. Ó fi gbogbo agbára tẹ gìgísẹ̀ ọ̀tún, ibi tí àwọn ẹlòmíràn ti máa ń pariwo, Àlájà kò tilẹ̀ ṣẹ́jú. Obì ló ń jẹ ní tirẹ̀.

Nígbà tó padà dé Ìkẹ́nnẹ́, ó fi ìyá rẹ̀ yangàn. Ìdíátù tí wọ́n jọ ń kọ́ṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ròyìn tán bí ọkọ òun ṣe ké bí ọmọdé, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ta á nípàá dànù.

"Ìyá tèmi ò mira," ni Kareemat wí. "Kò síbi tó dùn wọ́n. Ara wọn dá ṣáṣá."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, àfi olùkọ́. "Kò síbì kankan tó dùn wọ́n? Ṣé o bi wọ́n láwọn ìbéèrè yẹn?"

"Mo bi wọ́n, Mà."

Bó ṣe purọ́ nìyẹn, irọ́ ọmọ tí kò fẹ́ kí ojú ti òun láàárín ẹgbẹ́. Olùkọ́ gbà á gbọ́, ó sì yíjú sí ẹlòmíràn.

Nígbà tí obì pọ̀ lọ́jà, abẹ́rẹ́ ńlá tí Àlájà fi ń rán ẹnu àpò kán mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìdajì kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, wọn kò rí ìdajì kejì. Ó ní kí wọ́n gbálẹ̀, ó ní kí wọ́n tún un gbá, kó má lọ gún ọmọlọ́mọ lẹ́sẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ń rìn káàkiri inú ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú sílípáàsì tó ti jẹ tán, ó ń wá a. Wọn kò rí i.

Lásìkò yẹn, Kareemat kò ráyè ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ mọ́. Àwọn àlejò tó ń wá sí Ìkẹ́nnẹ́ ni wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa tẹ̀, bó bá sì fi máa wọkọ̀ padà dé Ṣàgámù, á ti rẹ̀ ẹ́. Ìdánwò ti kù sí dẹ̀dẹ̀ kó tó tún gbé àga síta. Òórùn kan ń rùn. Àlájà ní obì tó jẹrà nínú agbọ̀n ni, òun náà ti ń gbóòórùn rẹ̀ bọ̀. Kareemat gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sórí itan rẹ̀, ó yí gìgísẹ̀ sókè. Ó ti dúdú, ó ti rà wọnú, irin kan sì ń kọ mànà láàárín rẹ̀.

"Màmá! Ẹ ò mọ̀ pé nǹkan gún yín ni?"

"Kí ló gún mi?" ni Àlájà bi í, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó lè fojú ara rẹ̀ rí i.

Ní ọsibítù, dókítà ọ̀dọ́ kan jókòó ti Àlájà, ó ń bi í léèrè. Kareemat mọ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan kó tó jáde lẹ́nu rẹ̀. Ṣé wọ́n máa ń dìde tọ̀ lóru?

"Ó ti pẹ́, ọmọ mi. Mi ò kì í sùn dójú ẹ̀."

Òùngbẹ ńkọ́?

"Omi ò tó mi mu."

Ẹsẹ̀ ńkọ́, ṣé ó máa ń kú?

"Ẹsẹ̀ yẹn? Bí ẹni wọ ìbọ̀sẹ̀ ló ṣe ń ṣe mí, ọjọ́ ti pẹ́."

"Kí ló wá dé tẹ́ ò sọ fún ẹnikẹ́ni, Mà?"

"Kò sẹ́ni tó bi mí," ni Àlájà wí. Kò fi bá ẹnikẹ́ni wí. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí ló sọ ọ́.

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yé Kareemat. Ẹsẹ̀ tó ti kú lòun fi ń yangàn láti ìgbà yẹn, tóun ń pè ní ara líle. Ìtọ̀ ṣúgà ló ti jẹ ẹsẹ̀ náà, tí ìyá rẹ̀ fi tẹ abẹ́rẹ́ mọ́lẹ̀ láìmọ̀, tó sì ń wá a káàkiri nígbà tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà lábẹ́ orúnkún kó má bàa gba ẹ̀mí rẹ̀.

Èyí tó wá ń pa Kareemat ni pé ìyá rẹ̀ kò dá a lẹ́bi. Bí àwọn olóbì bá wá kí Àlájà nílé, á na ọwọ́ sí ọmọ rẹ̀: "Ọpẹ́lọpẹ́ ọmọ mi yìí. Òun ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́, ì bá ti burú jù báyìí lọ." Wọ́n á ní Ọlọ́run á dá Kareemat sí. Kareemat á sáré gba ẹ̀yìnkùlé lọ, á sunkún títí ojú rẹ̀ á fi wú.

Wọ́n ṣe ìdánwò, kò lọ. Olùkọ́ fúnra rẹ̀ ló wọkọ̀ wá sí Ṣàgámù láti wò wọ́n. Kareemat kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Mi ò bi wọ́n, Mà. Irọ́ ni mo pa fún yín."

Ìyá àgbà náà fà á dìde. Ó ní, "Èmi náà gbọ́ pé kò síbi tó dùn wọ́n, mi ò sì dìde wá wò wọ́n. Èmi tí mo fi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì dàgbà." Ó ní ìdánwò mìíràn ń bọ̀, kí Kareemat padà wá. Kareemat mi orí. Ó ní òun kò ní fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni mọ́ láyé òun. Ìgò àdí àgbọn ti wà lókè kọ́bọ́ọ̀dù, níbi tí ọwọ́ kì í tó.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó ń ṣa obì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tó gbọ́ tí ìyá rẹ̀ ń kérora nínú yàrá. Ó sáré wọlé. Àlájà di etí bẹ́ẹ̀dì mú, òógùn bò ó lójú.

"Màmá, kí ló dé?"

"Ẹsẹ̀ mi ni. Ó ń dùn mí, Kareemat. Wá bá mi tẹ̀ ẹ́."

Kareemat fọwọ́ kan ẹsẹ̀ òsì. Àlájà mi orí.

"Kì í ṣe ìyẹn. Ọ̀tún ni."

Kareemat wo ibi tí ìró tẹ́ pẹrẹsẹ lórí fóòmù. Dókítà ti sọ fún un pé ó lè ṣẹlẹ̀, pé ẹsẹ̀ tí wọ́n gé máa ń dun àwọn kan bí ẹni pé ó ṣì wà níbẹ̀. Ó gbọ́ ọ nígbà náà, ṣùgbọ́n kò rò pé ẹsẹ̀ tí kò dun ìyá òun nígbà tó wà ni yóò wá máa dùn ún nígbà tí kò sí mọ́.

"Gìgísẹ̀ rẹ̀ ni," ni Àlájà wí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Bí ẹni pé nǹkan gún mi níbẹ̀. Bá mi tẹ̀ ẹ́, ọmọ mi. Ìwọ lo mọ̀ ọ́n tẹ̀."

Kareemat kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kò lè kọ̀ fún un. Ó gbé àtàǹpàkò rẹ̀ lé orí fóòmù, níbi tí gìgísẹ̀ ọ̀tún ì bá wà, ó tẹ̀ ẹ́. Ó béèrè bó ṣe máa ń béèrè.

"Ṣé ibí yìí ń dùn yín, Màmá?"

"Ó ń dùn mí," ni ìyá rẹ̀ wí, ó dijú. "Ibẹ̀ gan-an ni. Rọra."

Kareemat sì rọra.