Alùpùpù Tí Kò Sẹ́ni Lórí Rẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n ya àwòrán alùpùpù òun ní Ìkàrẹ́, ọ̀dọ̀ Mọ́júbọ́lá ni yóò gbà lọ. Táńkì tó bá yà, àfi kéèyàn ṣí i wò bóyá epo ṣì wà níbẹ̀. Ènìyàn nìkan ni kì í yà. Ó kúkú gbìyànjú ẹ̀ rí. Ó ya ìyá pásítọ̀ wọn tó ti di olóògbé, gbogbo ìdílé sì tò síwájú àwòrán, wọ́n ń bi ara wọn léèrè pé ta nìyẹn. Kò sí ohun tó wù ú láyé bíi kí ẹnì kan wo ènìyàn tó yà, kó ní, "Ó jọ wọ́n." Kò gbọ́ ọ rí. Ló bá kọ ọ́ gàdàgbà sára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù: ALÙPÙPÙ NÌKAN.

Àkọlé yẹn tẹ́ Bàbá Ògúndèjì lọ́rùn. Àgbẹ̀ oníṣu ni wọ́n, láti Ọ̀kà. Orúnkún ti ní kí wọ́n má gun máṣìn mọ́, àwọn ọmọ sì fẹ́ tà á.

"Bá mi yà á kó tó lọ," Bàbá wí. "Kó máa gun òkè bọ̀ wá sílé. Má wulẹ̀ fi mí sí i."

Mọ́júbọ́lá lọ wò ó ní Ọ̀kà. Bàbá taari máṣìn náà síta, òun sì ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn. Ó padà lọ yà á, ó dára débi pé òun fúnra rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín sí i. Àfi ìgbà tó gbé e dé Ọ̀kà, tí Ìyá Tósìn, ìyàwó Bàbá, fojú kàn án.

"Ta ló gùn ún?"

"Kò sẹ́ni tó gùn ún, Mà."

"Máṣìn ń dá gun òkè? Kí àlejò wọlé, kí wọ́n máa kí mi kú àráfẹ́rakù? Bàbá Tósìn, ẹ ò tíì kú o! Kò ní wọ pálọ̀ mi."

Bàbá yọ́ wo ayàwòrán. "Fi mí sí i náà."

Mọ́júbọ́lá ní, "Mi ò mọ ojú yà, Mà."

"Ojú wo? Gbogbo ìgbà tí mo fi ń jókòó sẹ́yìn wọn bọ̀ láti ọjà Ìkàrẹ́, ojú wo ni mo rí? Ẹ̀yìn ni mo ń wò."

Ẹ̀yìn. Mọ́júbọ́lá rántí bí Bàbá ṣe ń taari máṣìn lọ níwájú òun: èjìká òsì rẹlẹ̀ ju tọ̀tún lọ, bí ọwọ́ alùpùpù tó ti ṣubú rí, tí wọ́n tún un ṣe, tí kò gún tán. Ìyẹn kò le. Nǹkan tó ń yà lójoojúmọ́ nìyẹn. Ó ya Bàbá tó kọ ẹ̀yìn sí wa, ó sì fi ìjókòó ẹ̀yìn sílẹ̀ lófìfo.

Nígbà tó gbé e padà, Bàbá ló kọ́kọ́ wò ó.

"Ta nìyẹn?"

Inú Mọ́júbọ́lá bàjẹ́ pátápátá. Ìbéèrè ilé pásítọ̀ ti tún dé. Ó ti na ọwọ́ láti gbé àwòrán rẹ̀, kó máa lọ.

Ìyá Tósìn gbá ọwọ́ náà dànù. Wọ́n fi ìka kan èjìká òsì yẹn, wọ́n rọra fi í ra á.

"Ṣé wọ́n rí ẹ̀yìn ara wọn rí ni?" wọ́n wí, wọ́n ń fi etí ìró nu ojú. "Ibi tí mo máa ń gbórí lé nìyí. Bọ́lá, ó jọ wọ́n."