Fíìmù Ìyá Wọn Tó Wà Nínú Agolo

Láti òwúrọ̀ ni inú ti ń bí Ẹ-má-mira, ṣùgbọ́n nígbà tó gbọ́ ohùn àbúrò rẹ̀ ní pálọ̀, orí rẹ̀ wá gbóná gidi. Ta ló ránṣẹ́ pè é? Ọmọbìnrin òun ni, kò sí ẹlòmíràn. Òun ló pinnu pé bàbá òun kò gbọdọ̀ dá gbé mọ́, òun náà ló sì kó ẹbí jọ pé kí wọ́n wá palẹ̀ ilé tó ti ń ya fótò mọ́. Wọ́n ń gbé àga, wọ́n ń ká aṣọ ẹ̀yìn fótò, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ẹni pé ilé tiwọn ni.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá Aṣílẹ̀kùn!" Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹbí ló ń kí àbúrò náà bẹ́ẹ̀.

Àwọn oníbàárà ló sọ ẹ̀gbọ́n ní Ẹ-má-mira, nítorí ohun tó máa ń sọ fún wọn kó tó tẹ kámẹ́rà nìyẹn. Aṣílẹ̀kùn ní tirẹ̀, ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ ló fi sọ àbúrò rẹ̀, gbogbo ẹbí sì gbà á lẹ́nu rẹ̀.

Ọdún mẹ́tàlélógójì sẹ́yìn ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, nígbà tí fótò ṣì jẹ́ dúdú àti funfun. Ìyá wọn kò gbà rí kí ẹnikẹ́ni ya òun. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣá, ó ṣàdédé wá jókòó síwájú kámẹ́rà ọmọ rẹ̀, ó ní kó tètè yà á kí òun tó yí ọkàn padà. Méjìlá ni Ẹ-má-mira yà. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó sáré wọ yàrá òkùnkùn tó ti ń fọ fíìmù lọ, kò tilẹ̀ jẹun. Òjò ti ń jò sínú yàrá náà lọ́sẹ̀ yẹn, òun àti ìyàwó rẹ̀ sì ti rọra ti tábìlì tòun ti abọ́ orí rẹ̀ lọ sí ara ògiri kejì. Nínú òkùnkùn biribiri, ọwọ́ lásán ló fi ń wá abọ́: lápá òsì ni omi tó ń yọ àwòrán síta, láàárín ni omi lásán, lápá ọ̀tún ni omi tó ń mú àwòrán dúró. Fíìmù ṣì wà nínú abọ́ àkọ́kọ́ nígbà tí àbúrò rẹ̀, géńdé ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, ṣílẹ̀kùn gbaragada láti béèrè kọ́kọ́rọ́. Ìmọ́lẹ̀ wọlé wàà. Ẹ-má-mira fọ́ ọ létí, ó sì lé e jáde.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ìyá wọn kú. Kò sí fótò rẹ̀ kankan láyé yìí. Ìyàwó Ẹ-má-mira ló yọ fíìmù náà nínú abọ́ lọ́jọ́ kejì, tó sá a gbẹ, tó sì fi í sínú agolo mílíìkì. Ọkọ rẹ̀ kò wò ó rí. Kí ló fẹ́ wò? Fíìmù tí ìmọ́lẹ̀ bá ká mọ́nú omi àkọ́kọ́ yẹn máa ń dú bí èédú ni.

Lọ́jọ́ ìpalẹ̀mọ́ yìí, àbúrò wọlé bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú yàrá òkùnkùn àtijọ́ náà, ó sì ti ilẹ̀kùn. Ẹ-má-mira jókòó sẹ́bàá fèrèsé, ó gbé agolo lé itan.

"Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó tán lónìí."

"Kí ni kó tán?"

"Ẹ ò wá nígbà tí ìyàwó mi kú."

"Ìyá tèmi náà kú. Ìwọ ní fótò ìyàwó ẹ lára ògiri. Èmi ńkọ́?"

Àbúrò rẹ̀ mi orí. "Gbogbo ọdún wọ̀nyí ni mo fi ń bẹ̀ yín. Ìgbátí ọjọ́ yẹn ò tíì kúrò lára mi. Ọwọ́ yín tutù, ó ń rùn bí ọtí kíkan. Títí dòní, tí mo bá gbọ́ òórùn yẹn, etí mi á máa hó."

"Kó máa hó lọ!" Ẹ-má-mira ṣí agolo. "Ó ti tó ọdún mélòó tí o ti ń fẹnu bẹ̀bẹ̀. Wá fojú ara ẹ wo èédú tí o kùn mọ́ ìyá ẹ lójú."

Ó fa fíìmù náà yọ, ó nà án síbi fèrèsé.

Kò dú. Ó mọ́ gaara bíi gíláàsì. Ẹ-má-mira ń rí ògiri iwájú, ó ń rí ojú àbúrò rẹ̀, ó ń rí gbogbo nǹkan gba inú rẹ̀ kọjá.

Òórùn tí àbúrò rẹ̀ sọ padà sí i lọ́kàn. Omi àkọ́kọ́ kì í rùn bí ọtí kíkan. Bí omi ọṣẹ ló ṣe máa ń yọ̀ lọ́wọ́. Omi ìkẹyìn ló ń kan nímú bẹ́ẹ̀, òun náà ló sì máa ń jẹ fíìmù mọ́ gaara tí wọ́n bá kọ́kọ́ rì í bọ inú rẹ̀. Ó rántí tábìlì. Ara ògiri kejì ló wà lọ́jọ́ yẹn, òun sì ti dojú kọ ọ́ láti òdìkejì. Apá òsì ti di apá ọ̀tún.

"Ṣé bí mo ṣe bà á jẹ́ nìyẹn?" Àbúrò béèrè jẹ́jẹ́. Kò mọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ náà.

Ó kù díẹ̀ kí Ẹ-má-mira dé agolo náà padà. Ta ni ì bá mọ̀? Inú bí i sí òjò, ó bí i sí káfíńtà tó kan òrùlé, ó bí i sí ìyàwó rẹ̀ olóògbé tó sá fíìmù láìsọ ohun tó rí. Kò rí ẹni tí ìbínú náà bá mu àfi ẹni tó di fíìmù mú.

"Ìwọ kọ́," ó wí. "Abọ́ ni mo ṣì. Kí o tó ṣílẹ̀kùn ni mo ti bà á jẹ́."

Ohùn tí àbúrò fi dáhùn kì í ṣe èyí tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ̀.

"Ẹ tún un sọ."

"Mo ní èmi ni."

"Ẹ má sọ ọ́ fún mi! Ṣé èmi ni mo ń pe ara mi ní Aṣílẹ̀kùn? Àwọn ọmọ tí mo bí ń bi mí pé kí ló dé tí mo fi ba fótò ìyá bàbá wọn jẹ́. Aya mi gbọ́ ọ títí tó fi kú. Àwọn tí ẹ sọ ọ́ fún ń bẹ ní pálọ̀, Bọ̀dá mi. Gbogbo wọn pátá."

Ẹ-má-mira dìde, orúnkún rẹ̀ ń dún, ó fi fíìmù náà kọ́ ọwọ́. Ó ṣí ilẹ̀kùn. Ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu àwọn ará pálọ̀.

"Ẹ gbé ohun tó wà lọ́wọ́ yín kalẹ̀," ó ní. "Èmi ni mo ba fótò ìyá wa jẹ́."