Àwọn Ọmọ Tí Wọ́n Ní Kí Wọ́n Sinmi Nílé

Látọjọ́ tí ìjọba ti kéde pé ìmọ̀ ìṣirò gbọ́dọ̀ ga sí i ní gbogbo ilé-ìwé, àti pé ife ẹ̀yẹ wà fún èyí tó bá mókè nínú ìdánwò, ni ara ọ̀gá ilé-ìwé kan kò ti balẹ̀ mọ́. Ó ní kí wọ́n kun ògiri, kí wọ́n kọ òǹkà ràgàjì-ràgàjì sí ẹnu ọ̀nà, àfi bí ẹni pé ọ̀dà ló ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò. Tíṣà ìṣirò, tí àwọn ọmọ ń pè ní Ìyá Alábọ̀ nítorí pé kò sí ohun tí kì í pín sí méjì kó tó ṣàlàyé rẹ̀, wò ó, ó pòṣé.

Nígbà tí ìdánwò kù fẹ́ẹ́fẹ́, ọ̀gá pe àwọn tíṣà sí ọ́fíìsì, ó tilẹ̀kùn.

"Àwọn ọmọ tí ìṣirò ò wọ̀ lórí yẹn, ẹ ní kí wọ́n sinmi nílé lọ́jọ́ ìdánwò."

Ìyá Alábọ̀ ní, "Ṣé ara wọn ò yá ni, ọ̀gá?"

"Máàkì wọn ni ò yá! Wọ́n á fà wá sẹ́yìn."

"Ẹ kúkú jẹ́ ká lé gbogbo wọn lọ. Ta ló máa wá gba òdo?"

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ó sáré fi ikọ́ bò ó.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ ìdánwò, Ìyá Alábọ̀ ń kanlẹ̀kùn láti ilé dé ilé. Ìyá kan ní, "Wọ́n ní kí tèmi má wá, mà."

"Irọ́ ni, ìyá wa. Ẹ wọṣọ fún un."

Nígbà tí òun àtàwọn ọmọ náà dé, ọ̀gá dúró lẹ́nu géètì, ojú rẹ̀ le koko. Bó ṣe rí i pé aṣojú ìjọba ń bọ̀ lẹ́yìn wọn, ló bá bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin ọmọ dáadáa!" Ìyá Alábọ̀ kó àwọn ọmọ náà wọlé.

Èsì jáde, ilé-ìwé wọn ló wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ilé-ìwé òdìkejì, tí ibà ṣàdédé kọlu ìdajì ọmọ wọn lọ́jọ́ ìdánwò, ló gba ife ẹ̀yẹ, àwọn aláṣẹ sì ń patẹ́wọ́. Ọ̀gá gba kíláàsì lọ́wọ́ Ìyá Alábọ̀, ó ní kó lọ máa kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́.

Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ àtijọ́ ń wá bá a lẹ́yìn tí wọ́n bá jáde, wọ́n á fún ara wọn mọ́ àga kéékèèké. Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin kan tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí ní kíláàsì nawọ́.

"Mà, mẹ́rin ju mẹ́ta lọ. Kí ló dé tí ìdá kan nínú mẹ́rin ò tóbi tó ìdá kan nínú mẹ́ta?"

Báàgì wà léjìká Ìyá Alábọ̀, ilé ló fẹ́ máa lọ. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó wá ṣọ́ọ̀kì.